Orin Ta Ni Orin Ọlọ́run?

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ orin ti ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú ìjọ wa níbí ní Ajah. Àwọn ìyá wa ní àwọn ọ̀dọ́ ti sọ pẹpẹ di òde àríyá. Àwọn ọ̀dọ́ ní orin ìwé ń mú àwọn sùn. Àwọn kan nínú wọn ò wá mọ́. Ìyá àgbà kan náà ti ń jókòó síta títí ìyìn á fi parí kí wọ́n tó wọlé. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré? Ẹ jẹ́ ká wẹ̀yìn wò ná, torí ìjà yìí ti pẹ́ ju gbogbo wa lọ.

Nígbà tí àwọn òyìnbó ajíhìnrere dé ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ka ìlù wa sí ti òrìṣà. Orin ilẹ̀ wọn ni wọ́n túmọ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ohùn ló gbé èdè wa ró. Ẹ sọ "ọkọ", kí ẹ sọ "ọkọ́": bí ohùn bá yí, ọkọ ìyàwó á di ohun tí wọ́n fi ń roko. Bí orin òyìnbó bá ń gun òkè tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ ìsàlẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ ọ lè má mọ ohun tí à ń sọ.

Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta wà lára àwọn tó tún un ṣe. Ohùn ilẹ̀ wa ló fi ń ṣe orin ìyìn, débi pé ní 1922 iléeṣẹ́ Zonophone gba orin rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá bàbá Fẹlá nìyẹn o! Ní Marina, T. K. Ekundayo Phillips tẹ dùùrù ní Kàtídírà láti 1914 di 1962, ó sì kọ ìwé ní 1953 nípa bí ọ̀rọ̀ Yorùbá àti orin ṣe ń bára wọn mu. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní orin àtijọ́, nǹkan tuntun ni nígbà yẹn.

Ẹ wá wo jùjú. Ibi fàájì ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ ní Èkó láyé Tunde King, ní àwọn ọdún 1930. I. K. Dairo, ọmọ ìjọ Aládùúrà, gbé akọ́díọ̀nù kọ́rùn, ó lu jùjú títí wọ́n fi fún un ní oyè MBE ní 1963. Ebenezer Obey, tí òde àríyá ò lè ṣe kó má sí, yà sí iṣẹ́ ìhìnrere ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Lónìí, tí ẹgbẹ́ akọrin wa bá lu irú ìlù yẹn lásìkò ọpẹ́, àwọn ìyá tó ń bínú sí ọ̀dọ́ ló máa ń kọ́kọ́ jáde jó. Àbí irọ́ ni?

Etí tiwa náà ń yí padà. Àwa tí a ń fi bírò yí kásẹ́ẹ̀tì kí bátìrì má baà tán, ìlù la kọ́kọ́ ń gbọ́ nígbà tí a wà lọ́mọ ogún ọdún. Nígbà tí owó ilé àti owó sùkúù ọmọ dé, tí a ń jókòó sínú gósílóò Lekki-Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ inú orin la wá ń wá. Orin ìwé tí a há sórí ní sùkúù láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí a sin òbí wa ló tó yé wa. Síbẹ̀, orin ìgbà ọ̀dọ́ kì í kúrò lọ́kàn. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí sọ pé òun ló máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn jù. Ìdí nìyẹn tí kálukú fi rò pé ìgbà tòun lorin dáa jù.

Ní agbègbè wa yìí, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìjọba wó Maroko ní oṣù Keje ọdún 1990, ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ forí lé Ilasan, Ikota àti ọ̀nà Ajah. Ẹni tó ń gbé ọmọ sá, ṣé ó ráyè gbé àwo orin? Inú ọkàn ni wọ́n gbé orin wọn sí wá. Tí a bá ní kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ gbàgbé orin rẹ̀, kí ló tún kù fún un?

Ẹ ka Ẹ́sírà orí 3. Nígbà tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ tẹ́ńpìlì kejì lélẹ̀, àwọn àgbà tó mọ ti àkọ́kọ́ ń sunkún, àwọn yòókù ń hó fún ayọ̀. Kò sẹ́ni tó lè ya ohùn ẹkún kúrò lára ohùn ayọ̀. Kò sì sí ibi tí wọ́n ti ní kí èyíkéyìí nínú wọn panu mọ́.

A ò sọ pé gbogbo orin ló yẹ pẹpẹ o. Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò, kí ẹ wo ibi tó ń gbé ọkàn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìlù nìkan dájọ́.

Láti Sunday tó ń bọ̀, àgbà kan á mú orin kan wá, á sọ ohun tí orin náà ṣe fún un. Ọ̀dọ́ kan á mú tiẹ̀ náà wá. Ẹgbẹ́ akọrin á kọ méjèèjì, gbogbo wa á sì gbè é. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbí: orin wo lẹ fẹ́ràn jù nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ogún ọdún, èwo lẹ sì ń gbọ́ báyìí? Kí Olúwa má jẹ́ kí orin tú ilé rẹ̀ ká. Àmín.