Kéèkì ọjọ́ ìbí tó ran FBI lọ́wọ́ láti dá Hushpuppi mọ̀

Kéèkì kan ni Ramon Abbas gbé fọ́tò rẹ̀ sí ojú òpó Instagram rẹ̀ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Àmì Fendi wà lára rẹ̀, ère kékeré tó jọ Abbas sì wà lórí rẹ̀ láàrin àwọn àpò ọjà pínníṣín. Àjọ FBI náà rí fọ́tò yìí. Wọ́n fi ọjọ́ náà wé èyí tó wà nínú ìwé tí Abbas fi bèèrè físà Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀. Ó bára mu.

Abbẹ́ aṣọ ni iṣẹ́ gbájúẹ̀ máa ń wà tẹ́lẹ̀ ní Nàìjíríà. Láàrin ọdún 1995 sí 1998, Emmanuel Nwude àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta pápákọ̀ òfúrufú tí kò sí níbì kankan, wọ́n sì gba mílíọ̀nù 242 dọ́là lára ilé ìfowópamọ́ Banco Noroeste ní Brazil. Lẹ́yìn náà ni káfé íntánẹ́ẹ̀tì dé, tí àwọn ọmọ Yahoo ń fi orúkọ ẹlòmíì àti fọ́tò ẹlòmíì tan àwọn òyìnbó.

Hushpuppi kò fi ojú pamọ́ ní tirẹ̀. Ojú ara rẹ̀ ló gbé síta: bàálù aládàáni, ọkọ̀ bọ̀gìnnì, ilé Palazzo Versace ní Dubai. Ó ní òwò ilé kíkọ́ ni òun ń ṣe. Nígbà tí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́, àwọn tó ń tẹ̀lé e ti lé ní mílíọ̀nù 2, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣe tiwọn bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò ronú pé ọ̀daràn lè máa pariwo tó báyẹn?

Lábẹ́ ariwo náà, iṣẹ́ ń lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan ní ìpínlẹ̀ New York kọ e-mail sí àdírẹ́sì tó rò pé ti báńkì ni. Àwọn gbájúẹ̀ ló fèsì, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà àkáǹtì tiwọn. Bí 922,857 dọ́là ṣe lọ nìyẹn.

Nínú fóònù ará Canada kan tó lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rí nọ́ńbà Dubai kan tí orúkọ tí wọ́n fi pa á mọ́ ń jẹ́ "Hush". Àkọsílẹ̀ Instagram sì fi nọ́ńbà àti e-mail tó wà lẹ́yìn ojú òpó náà hàn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, àwọn ọlọ́pàá Dubai ká a mọ́lé. Wọ́n ní àwọn bá kọ̀ǹpútà alágbèéká 21, fóònù 47 àti àdírẹ́sì ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2.

Èyí tó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn jù ni ti oníṣòwò kan tó ń wá ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 15 dọ́là láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ní Qatar. Abbas àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bí òṣìṣẹ́ báńkì, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lóríṣiríṣi. Wọ́n mú nǹkan bíi 230,000 dọ́là nínú rẹ̀ ra aago Richard Mille kan. Wọ́n gbé aago náà lọ bá Abbas ní Dubai, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àwọn fọ́tò orí ayélujára.

Ní ọjọ́ 7, oṣù Kọkànlá, ọdún 2022, Adájọ́ Otis Wright ní Los Angeles rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún 11 àti oṣù mẹ́ta. Ó pàṣẹ pé kó san 922,857 dọ́là padà fún ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò, kó sì san 809,983 dọ́là fún oníṣòwò tó fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀kọ́.