Òṣìṣẹ́, Owó Ọ̀yà àti Ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Karùn-ún ọdún 1891, Póòpù Leo Kẹtàlá fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Àgùdà. Rerum Novarum ni orúkọ lẹ́tà náà ní èdè Látìn. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ni ó sì dá lé. Láti ìgbà náà ni àwọn òpìtàn ti ń pe lẹ́tà yìí ní ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ Ìjọ nípa ètò àwùjọ. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ ti ìwé kíkọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ orísun èrò inú ìwé náà ni a ń wá, Róòmù kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kọjú sí. Láti èbúté àti ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá kan ilẹ̀kùn Póòpù, wọn kò sì tètè ṣí ilẹ̀kùn náà fún un.

Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ owó ọ̀yà kì í ṣe àjèjì nínú ìgbàgbọ́ Kristẹni. Àpọ́sítélì Jákọ́bù ti bá àwọn olówó wí nítorí owó alágbàṣe tí wọ́n há mọ́wọ́. Ní ọ̀rúndún kẹrin, Basil bá àwọn tí ó kó ọkà pamọ́ nígbà ìyàn wí. Ambrose bá àwọn tí ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ tálákà wí. Thomas Aquinas ní ọ̀rúndún kẹtàlá kọ́ni pé ènìyàn lè ní ohun-ìní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lò ó bí ẹni pé aláìní kò sí láyé. Ohun tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún mú wá ni ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn àgbẹ̀ fi oko sílẹ̀, wọ́n rọ́ wá sí ìlú. Tọkùnrin tobìnrin, títí kan ọmọdé, ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́ fún owó táṣẹ́rẹ́. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji. Àwọn ọ̀mọ̀wé ètò ọrọ̀-ajé ìgbà náà sì ń kọ́ni pé bí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ bá ti fohùn ṣọ̀kan lórí iye kan, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n irú ìfohùnṣọ̀kan wo ni ó lè wà láàárín ẹni tí àká rẹ̀ kún àti ẹni tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀?

Ní ìlú Mainz ní Jámánì, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Wilhelm von Ketteler gbé ìbéèrè yìí gun orí àga ìwàásù ní ọdún 1848, ọdún tí rògbòdìyàn gba ilẹ̀ Yúróòpù kan tí Marx àti Engels sì tẹ ìwé ìkéde wọn jáde. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà ní ọdún 1850. Nígbà tí ó kọ ìwé nípa ọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́ ní ọdún 1864, ọrẹ àánú ni ó ṣì gbójú lé. Ní ọdún 1869, nígbà tí ó dúró níwájú àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn, ohùn rẹ̀ ti yí padà: ó fara mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àfikún owó ọ̀yà àti ìdínkù wákàtí iṣẹ́. Láti orí àánú, ó ti bọ́ sórí ẹ̀tọ́.

Ìtàn èbúté Lọ́ńdọ̀nù ni ó hàn kedere jù. Lójoojúmọ́ ni àwọn alágbàṣe máa ń kóra jọ sí ẹnubodè èbúté, tí wọ́n ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn kí ojú akọ̀wé lè rí wọn. Ẹlòmíràn a rí iṣẹ́ wákàtí kan tàbí méjì, ẹlòmíràn a padà sílé lọ́wọ́ òfo. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà láti ilẹ̀ Áílándì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1889 wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju pẹ́nì mẹ́fà fún wákàtí kan lọ, sísì kan ṣoṣo ní ẹnu àwọn àgbà wa, dípò pẹ́nì márùn-ún. Àwọn òṣìṣẹ́ Ọsirélíà fi nǹkan bí £30,000 ránṣẹ́ láti bọ́ wọn. Kádínà Henry Manning, ẹni ọdún 81, ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín àwọn ọ̀gá èbúté àti àwọn olórí òṣìṣẹ́ bíi Ben Tillett. Ní ilé-ìwé Ìjọ kan ní àdúgbò Poplar ni ó ti bá àwọn olùdaṣẹ́sílẹ̀ jíròrò títí tí wọ́n fi gbà pé kí owó tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá. Wọ́n gba sísì wọn. Kádínà tí ó ti bá ebi wọn jókòó kò tún lè sọ pé ìfohùnṣọ̀kan nìkan ni ẹ̀tọ́.

Ní Amẹ́ríkà, ewu náà gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ńlá kan wà tí ń jẹ́ Knights of Labor, tí ọmọ Ìjọ kún inú rẹ̀ tí ọ̀kan nínú wọn, Terence Powderly, sì ń ṣe olórí rẹ̀. Ní ọdún 1884, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kánádà gba ìdájọ́ Róòmù lòdì sí i nítorí àṣírí tí ó wà nínú ìpàdé rẹ̀. Kádínà James Gibbons ti Baltimore lọ sí Róòmù ní ọdún 1887 láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe dá ẹgbẹ́ náà lẹ́bi ní Amẹ́ríkà. Ó ṣàlàyé pé bí Ìjọ bá lé àwọn òṣìṣẹ́, wọn yóò lọ ní tòótọ́. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí lẹ́yìn ni Leo Kẹtàlá fi jókòó ti lẹ́tà rẹ̀, èyí tí Liberatore àti Zigliara bá a kọ àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó kọ èrò pé kí wọ́n fòpin sí ohun-ìní aládàáni. Síbẹ̀, ó là á mọ́lẹ̀ pé owó ọ̀yà gbọ́dọ̀ tó bọ́ òṣìṣẹ́ oníwọ̀ntúnwọ̀nsì. Pé ẹni tí àìní mú gba iye tí kò tó, ipá ni wọ́n fi mú un, kì í ṣe ìfẹ́ inú rẹ̀. Pé òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Pé ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bo aláìlágbára.

Ohun tí lẹ́tà náà kò sọ ṣe pàtàkì bákan náà. Ọdún mẹ́fà péré ni ó fi tẹ̀lé ìpàdé Berlin tí àwọn aláwọ̀ funfun ti ṣòfin bí wọn yóò ṣe pín Áfíríkà láàárín ara wọn, kò sì mẹ́nu kan alágbàṣe Áfíríkà rárá. Póòpù yìí kan náà ti kọ̀wé sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Bràsíìlì lòdì sí òwò ẹrú ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún ọdún 1888, ọjọ́ mẹ́jọ kí Bràsíìlì tó fòpin sí oko ẹrú. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Bahia, àwọn tí ó sì padà sí Èkó ni a fi orúkọ wọn, Àgùdà, pe Ìjọ náà títí di òní. Ṣùgbọ́n Póòpù Nicholas Karùn-ún ni ó ti fún ọba Pọ́túgà láṣẹ ní ọdún 1452 láti sọ kèfèrí di ẹrú. Ọdún 2023 ni Róòmù tó kọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba. Ẹ̀kọ́ tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó dé kò lè fi ara rẹ̀ ṣe olùkọ́ tí kò kọ́ nǹkankan lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1931, Póòpù Pius Kọkànlá tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ó ní kí owó ọ̀yà tó bọ́ ìdílé, kí ìjọba má sì gba iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ kékeré lè ṣe mọ́ ọn lọ́wọ́. (Ọdún yẹn gan-an ni àwọn olùkọ́, tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì, dá ẹgbẹ́ NUT sílẹ̀ ní Èkó, ẹ̀tọ́ ẹgbẹ́ dídá kò dúró de lẹ́tà ẹnikẹ́ni.) Póòpù Paul Kẹfà, tí ó ti wá sí Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà, ní ọdún 1962 kí ó tó jẹ Póòpù, ni ó yí ojú ẹ̀kọ́ náà sí àwọn orílẹ̀-èdè tálákà ní ọdún 1967. Ó lo ọ̀rọ̀ Leo nípa owó ọ̀yà fún òwò láàárín orílẹ̀-èdè: bí ẹni méjì kò bá dọ́gba, ìfohùnṣọ̀kan wọn nìkan kò tó láti sọ iye ọjà di ẹ̀tọ́. John Paul Kejì, tí ó ti fọ́ òkúta tí ó sì ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Solvay ní Kraków lábẹ́ ìjọba Násì, kọ lẹ́tà tirẹ̀ lórí iṣẹ́ ṣíṣe ní ọdún 1981, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Solidarność ń mi Póláńdì tìtì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Póòpù tuntun gba orúkọ Leo Kẹrìnlá, ó sì sọ pé nítorí Rerum Novarum ni, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń ronú bí ènìyàn ti tún dé bá òṣìṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí kì í sábà jáde nínú irú ìjíròrò yìí: Ìjọ fúnra rẹ̀ jẹ́ agbanisíṣẹ́. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Róòmù ní ọdún 1971 ni ó dojú kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́ lójú wọn, àti pé ó yẹ kí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ fún Ìjọ rí owó tí ó tó gbé ayé wọn. Láti ìgbà náà, olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tí ó bá ń béèrè owó ọ̀yà rẹ̀ lọ́wọ́ Ìjọ ti ní ìwé Ìjọ náà láti gbé ka orí tábìlì.