Iṣan Tí Ọwọ́ Kì Í Dé

Ìbọn ni Ìbàdàn àti Ìjàyè fi bá ara wọn jà láti 1860 títí Ìjàyè fi fọ́ ní 1862. Ọta Balógun Ìbíkúnlé ti Ìbàdàn àti ti Kúrunmí, olórí Ìjàyè, ń fọ́ itan, ó ń fọ́ orúnkún, ó ń fọ́ èjìká. Adolphus Mann, ajíhìnrere CMS, àti àwọn ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi tó wà nínú ìlú ń bá àwọn tó fara gbọgbẹ́ wẹ egbò. Ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó dé ni Yorùbá ti ní àwọn tó ń to eegun.

Iṣẹ́ ìdílé ni, bàbá ló ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Oníṣègùn á fi ìka wá ibi tí eegun gbé ṣẹ́ lábẹ́ awọ, á fa ibẹ̀ tọ́, á fi òrí pa á. Lẹ́yìn náà ni yóò mú pẹlẹbẹ ọparun tí a fi okùn hun pọ̀, yóò fi yí i ká, yóò dì í. Àwọn mìíràn á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ kan, wọ́n á máa tọ́jú òun àti aláìsàn pọ̀. Ọjọ́ tí adìyẹ bá tẹsẹ̀ rìn dáadáa ni wọ́n á tú igi lára ẹni náà. Èjìká tó bá yẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n dá padà. Iṣẹ́ tó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdì tó bá le jù lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, kí ẹsẹ̀ sì jẹrà.

Ibi tí agbára wọn mọ ni inú orúnkún. Iṣan méjì ló gba ara wọn kọjá níbẹ̀. Èyí iwájú ló ń di ojúgun mú kó má yọ̀ síwájú. Bó bá já, inú omi orúnkún ni ojú rẹ̀ méjèèjì wà, ẹ̀jẹ̀ kì í dì yí i ká, nítorí náà kì í sábà so pọ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ìwọ́ra tó ń dé ibẹ̀.

Òyìnbó pàápàá pẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Ní 1895, dókítà Mayo Robson la orúnkún awakùsà kan ní Leeds, ó rán iṣan méjèèjì. Ní 1917, dókítà Hey Groves ti Bristol gé iṣan lára itan aláìsàn, ó fi rọ́pò èyí tó já. Nígbà tó di 1918, dókítà Takagi ti Tokyo ki ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú àpò ìtọ̀ bọ orúnkún òkú kan. Láti ibẹ̀ ni kámẹ́rà tóóró òde òní ti wá: ihò kéékèèké ni dókítà ń dá sí orúnkún, yóò máa wo inú rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, yóò lu eegun itan àti ojúgun, yóò sì fa iṣan tuntun gba inú wọn.

Ní ilẹ̀ wa, àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ló bí ibùdó Ìgbóbì ní Èkó, tó di ilé ìwòsàn eegun ní 1945. Ilé ìwòsàn UCH ṣílẹ̀kùn ní Ìbàdàn ní 1957, nǹkan bíi 30 kìlómítà sí Ìjàyè.

Victor Boniface, agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́, já iṣan orúnkún lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó wà ní ẹgbẹ́ Bodø/Glimt ní Norway. Ní 2024, òun àti ẹgbẹ́ Leverkusen gba ife líìgì Jámánì. Agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ní ẹgbẹ́ tó ń gbọ́ bùkátà iṣẹ́ abẹ àti oṣù mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n fi ń kọ́ ẹsẹ̀ bí yóò ṣe tún lágbára. Àgbẹ̀ tó jábọ́ lórí ọ̀kadà lọ́nà Ìjàyè, àpò ara rẹ̀ ló ń wò. Òfin 2022 ti ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wà lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera. Kí ìjọba jẹ́ kó dé abà.

Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá sì wú láàrin wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tó ṣubú, tó ń yẹ̀ bó ti ń rìn, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ.