Láti Ògùnpa dé Àkùrọ̀ Adó-Èkìtì: Ta Ni Ń Ru Òfò Omíyalé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Òwe yìí kò ní kí onílé máa bẹ òjò, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí ó káwọ́ gbera kó máa retí ìjọba. Ọwọ́ onílé fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀ràn náà sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí onílé bá ti sa gbogbo ipá rẹ̀, tí àgbàrá sì wó ilé náà síbẹ̀, ta ni yóò ru òfò náà? Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá láti ohun tó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn ti dáhùn ìbéèrè yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìdáhùn náà kò sì dùn-ún gbọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, òjò kan rọ̀ nílùú Ìbàdàn tí àwọn tó ṣojú wọn kò lè gbàgbé títí di òní. Odò Ògùnpa, tó la àárín ìlú kọjá, kún àkúnya. Ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀, ó lé ní igba ènìyàn tó bá a lọ. Kì í ṣe pé odò náà kò kìlọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti kún bẹ́ẹ̀ ní 1960, ní 1963 àti ní 1978. Àwọn ènìyàn kọ́lé sún mọ́ bèbè rẹ̀, wọ́n sì ń da ìdọ̀tí sínú rẹ̀, títí odò náà kò fi rí ọ̀nà gbà mọ́.

Lẹ́yìn àjálù yìí, ìjọba pinnu láti gbẹ́ ojú odò náà, kí wọ́n sì fi kọnkéré tẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà falẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ní 1981 ni ìjọba àpapọ̀ dá àpò owó àkànṣe kan sílẹ̀ láti gbógun ti àgbàrá, ọ̀gbàrá àti ọ̀dá. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya wọ Ìbàdàn, ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì ṣòfò. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí igba mílíọ̀nù dọ́là láti dẹ́kun omíyalé nílùú náà. Owó tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ojú odò, afárá àti ọ̀nà ni irú owó bẹ́ẹ̀ wà fún. Kò sí fún àtúnkọ́ ilé ẹni tí ògiri rẹ̀ ti ṣubú. Ohun tó sábà máa ń kan onílé ni àpò ìrẹsì, ẹní àti kúbùsù.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan Adó-Èkìtì nínú ọ̀rọ̀ Ògùnpa. Òótọ́ ni pé Adó kò sí létí odò ńlá. Àárín òkè àti àpáta ni ìlú Ewì tẹ̀dó sí. Ṣùgbọ́n òkè gan-an ni ewu náà ti ń wá. Omi tó bá rọ̀ sórí àpáta kò ríbi wọlẹ̀. Ṣe ló ń sáré wá sí ìsàlẹ̀, sínú àwọn odò bíi Ajilosun, Elemi àti Ureje. Àwọn baba wa mọ èyí. Ilẹ̀ tó ga ni wọ́n ń kọ́lé sí, wọ́n sì fi àkùrọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀fọ́, ìrèké, kókò àti ìrẹsì. Lójú tiwọn, àkùrọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tó ṣófo. Ààyè omi ni, tí ènìyàn kàn ń yá lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Adó sì di olú-ìlú. Òṣìṣẹ́ ìjọba dé, oníṣòwò dé, akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí i, ilẹ̀ gbówó lórí. Àkùrọ̀ di pulọ́ọ̀tì, nítorí pé owó rẹ̀ kò tó ti orí òkè. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ló sábà máa ń rà á: olùkọ́ tó fi ogún ọdún tọ́jú owó, tàbí opó tó ń ta aṣọ lọ́jà. Ẹni tó wà lókè wá da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo àgbàlá rẹ̀. Omi tí ì bá wọlẹ̀ níbẹ̀ di ẹrù ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ẹlòmíràn da ìdọ̀tí sí gọ́tà. Bí òjò ńlá bá rọ̀, ẹni tó rà á ní ọ̀pọ̀ yóò wá mọ̀ pé owó ilẹ̀ náà kò tíì tán ní sísan.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìdójútòfò ti wọlé. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Èsúsú àti ọ̀wẹ̀ fara jọ ọ́: ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi díẹ̀díẹ̀ gbé ẹrù tí ẹnì kan kò lè dá gbé. Èyí tí òyìnbó mú wá ló yàtọ̀. Ní 1921 ni Royal Exchange Assurance ti Lọ́ńdọ̀nù ṣí ẹ̀ka sí Èkó, ní àsìkò tó jẹ́ pé ẹrù àti dúkìá àwọn oníṣòwò ńláńlá ni irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń dáàbò bò. Bí kòkó bá rì sínú òkun, ẹni tó kó o sínú ọkọ̀ rí owó gbà. Bí àgbàrá bá wó ilé àgbẹ̀ tó gbin kòkó náà, àánú ẹbí àti ará ló kù fún un. Ọdún 1958 ni African Insurance Company, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ọmọ ilẹ̀ wa dá sílẹ̀, tó dé.

Òfin Ìdójútòfò ti ọdún 2003 gbìyànjú láti mú ààbò náà sún mọ́ ilé. Abala 65 rẹ̀ sọ pé gbogbo ilé tí ará ìlú ń lò gbọ́dọ̀ ní ìdójútòfò lórí ìwólulẹ̀, iná, ilẹ̀ ríri, ìjì àti omíyalé. Ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀ pé òfin náà ka ilé tí ayálégbé ń gbé mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: gbèsè tí onílé lè jẹ ayálégbé tàbí àlejò tó farapa tàbí tó pàdánù dúkìá ni ìdójútòfò yẹn wà fún. Kì í ṣe èyí tí yóò tún ilé kọ́ fún onílé. Ní 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò ti 2003. Ìbéèrè tó kù ni bóyá a óò máa tẹ̀ lé e ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Kí ló dé tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò fi ń ṣọ́ra fún omíyalé? Iná lè jó ilé kan kí ogún ilé tó yí i ká má fara gbá. Omi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń gbá lọ lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó wà lórí òkè kò sì ní í rà á. Bó bá jẹ́ ará àkùrọ̀ nìkan ló ń dá owó, àpò náà yóò gbẹ lọ́jọ́ òjò ńlá kan ṣoṣo. Èyí ló mú kí ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dá ètò ìdójútòfò omíyalé tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1968, lórí àdéhùn pé ìlú tó bá fẹ́ kópa gbọ́dọ̀ máa ṣàkóso ilé kíkọ́ níbi tí omi ń dé. Ní 2016, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò Flood Re: owó tí gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìdójútòfò ilé ń dá ni wọ́n fi ń ran onílé tó wà lójú ọ̀nà omi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n kọ́ láti ọdún 2009 kò sí nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbójú lé e kọ́ ilé tuntun sójú ọ̀nà omi.

Títí Èkìtì yóò fi ní irú ètò bẹ́ẹ̀, onílé gbọ́dọ̀ la ojú ara rẹ̀. Ẹ má ra ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan; ẹ padà lọ wò ó lẹ́yìn òjò. Ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ohun tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀ rí. Ẹ wo ara ògiri ilé tó wà nítòsí bóyá ilà omi wà níbẹ̀. Àjọ NIHSA máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé jáde lọ́dọọdún. Ẹ wá a kà. Bí ẹ bá fẹ́ ra ìdójútòfò, ẹ mọ̀ pé ìwé ti iná nìkan kì í sábà ká omíyalé mọ́ra, àfi tí ẹ bá san àfikún owó. Èyí tó wà fún ilé lápapọ̀ sábà máa ń kà á mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé a kọ ọ̀rọ̀ omíyalé sínú ìwé náà ní kedere. Ẹ béèrè iye tí ẹ óò kọ́kọ́ fi ara yín ru nínú òfò kí wọ́n tó san tiwọn. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tí kò bá tíì san owó rẹ̀ kò tíì ní ààbò kankan.

Ní 2012, ènìyàn 363 ni omíyalé pa káàkiri Nàìjíríà; ní 2022, wọ́n lé ní 600. Èyí tí kì í wọ inú ìwé ìṣirò ni àwọn tó yè, àmọ́ tí wọ́n padà sí ìdí ìpìlẹ̀ ní ọmọ ọgọ́ta ọdún. Ẹni tó wà lókè ló ń rán omi sí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Kò tọ́ kí ó jẹ́ pé ẹni ìsàlẹ̀ nìkan ni yóò máa san owó rẹ̀.