Kì í Ṣe Iná Mànàmáná Ló Lẹ̀ Ẹ́ Mọ́ Díńgí

Ọ̀rá sítíkà kan wà tí kò ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn rárá. Inú gíláàsì ọkọ̀ tàbí ojú díńgí ṣọ́ọ̀bù là ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, a sì lè ṣí i kúrò kí a tún lò ó níbòmíràn. Static cling ni wọ́n ń pè é lọ́jà, orúkọ yìí sì ti ṣi ọ̀pọ̀ atẹ̀wé lọ́nà. Wọ́n gbà pé iná mànàmáná bíńtín, irú èyí tó ń mú kí irun dìde bí a bá fi kóòmù ike yà á, ló ń fà á mọ́ díńgí. Nítorí náà, bí kò bá lẹ̀ mọ́, wọ́n á ní iná ara rẹ̀ ló tán. Wọ́n á tún ní ike kì í jẹrà, pé róòlù ọdún mẹ́ta kò yàtọ̀ sí tuntun.

Omi já irọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń wọ́n omi sójú díńgí kó tó tẹ́ ọ̀rá náà lé e, á wá fún omi àti afẹ́fẹ́ jáde lábẹ́ rẹ̀. Ká ní iná ni, omi yẹn ì bá ti gbé e lọ. Lásìkò òjò ní Èkó, tí ọ̀rinrin kún inú afẹ́fẹ́, irú iná bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lára ohunkóhun. Síbẹ̀ sítíkà náà kì í já bọ́.

Rírọ̀ tí ọ̀rá náà rọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. PVC ni wọ́n fi ṣe é, ike tó le gan-an bí a bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní 1926, Waldo Semon, onímọ̀ kẹ́mísírì ní ilé-iṣẹ́ BFGoodrich ní Amẹ́ríkà, ń wá ohun tí yóò lẹ rọ́bà mọ́ irin. Ó se PVC pọ̀ mọ́ èròjà olómi kan, ó sì rí ohun tó rọ̀ tó ń nà. Irú èròjà olóròóró bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ ọ̀rá wa yìí. Ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀. Òun ló jẹ́ kí ọ̀rá náà bá ojú díńgí mu wẹ́kú, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè láàárín wọn, tí agbára kékeré tí àwọn mólékù fi ń fa ara wọn sì dì í mú. Ògiri kò dán tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rá náà kò sì lè lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí eruku bá bò, ọṣẹ àti omi ni kí a fi fọ̀ ọ́, á tún lẹ̀.

Ṣùgbọ́n òróró yìí kò so mọ́ ike náà pinpin. Ó ń yọ sójú díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń mú un yára. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é kì í fọwọ́ sọ̀yà ju nǹkan bí ọdún kan lọ kí a tó tẹ nǹkan sí i lára, níbi tí kò gbóná tí kò sì lọ́rinrin jù. Ilé ìkẹ́rù abẹ́ páànù kò sí lára irú ibẹ̀.

Bí òróró bá ti bojú ọ̀rá, íńkì á sá jọ bí omi lórí ewé kókò. Èyí tó tiẹ̀ gbẹ lónìí lè máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí òróró ti wọ inú rẹ̀. Íńkì tó ń gbẹ nípa wíwọ inú pépà kò wúlò níhìn-ín. Ike kì í fa nǹkan mu. Íńkì UV ńkọ́? Ó dára, bí ó bá jẹ́ èyí tó ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èyí tó le máa ń súnkì bó ṣe ń gbẹ, á sì ká etí ọ̀rá náà sókè. Pépà ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú máa ń ká tó bá fa ọ̀rinrin. Etí tó ká sókè yìí gan-an ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń ní iná ti tán!

Iná mànàmáná kò ṣàìsí níbi iṣẹ́ náà o. Nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ń mú kí ojú ewé méjì wọlé pọ̀, ó sì ń fa eruku sára ọ̀rá. Ọ̀tá ló jẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rá mìíràn sì wà, ti polypropylene, tí wọ́n ń fi iná sí lára ní ilé-iṣẹ́ lóòótọ́; ẹ má pa á pọ̀ mọ́ èyí.

Bí wọ́n bá ń ta róòlù fún yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ fi isopropyl alcohol nu ojú rẹ̀, ẹ tẹ ẹyọ kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà.