Ọmọ Ogun Kan ní Etí Odò Kaladan

Bí a bá ń ka ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì, orúkọ àwọn ọ̀gágun ni a sábà máa ń bá pàdé. Ṣùgbọ́n ogun kì í ṣe ti ọ̀gágun nìkan; àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí a kó lọ sí ojú ìjà náà ní ìtàn tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, tí a bí ní ọdún 1925.

Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni a fi kọ́ ọ. Ó bá Díbísọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rékọjá òkun lọ sí Bọ́mà, ilẹ̀ tí à ń pè ní Myanmar lónìí. Igbó dí púpọ̀ ní àfonífojì odò Kaladan. Orí ni àwọn alárùú fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfurufú ni ó sì ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká wọn mọ́ etí odò náà lójijì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ Fadoyebo kú lójú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ikú tí ń pa ojúgbà ẹni, òwe ni ó ń pa fún ni. Ọta ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ òun náà. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró tí ó gbọgbẹ́ bákan náà, ni ó kù nínú igbó.

Àgbẹ̀ kan, Mùsùlùmí ará ibẹ̀ tí ń jẹ́ Shuyiman, ni ó gbà wọ́n là. Bí àṣírí bá tú, òun àti ìdílé rẹ̀ gbé. Síbẹ̀ ó bọ́ wọn, ó sì fi wọ́n pamọ́ sí ilé rẹ̀, títí àwọn ọmọ ogun Gurkha fi dé ní oṣù kejìlá ọdún náà. Nígbà náà, a ti ka Fadoyebo mọ́ àwọn tí a kò rí mọ́.

Ó padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ń tiro. Ìwé tí ó kọ nípa ìrìn àjò náà jáde ní 1999. Ní 2011, lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ tẹ àwọn ọmọ Shuyiman lọ́wọ́, nígbà tí bàbá wọn ti di olóògbé. Fadoyebo náà kú ní 2012, ní ẹni ọdún 86.

Ní Taukkyan, nítòsí Yangon, orúkọ bí 27,000 ọmọ ogun tí a kò mọ sàréè wọn ni a gbẹ́ sára òkúta. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà nínú wọn. Àwọn wọ̀nyẹn kò kọ ìwé. Ẹnu ẹni tí ó bọ̀ ni a ti gbọ́ bí àwọn tí kò bọ̀ ṣe kú.