Àlejò Kan, Olùgbàlejò Kan: Òru Fájuyì ní Agodi

Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán

Àwọn ọba Ìwọ̀-Oòrùn péjọ sí Ìbàdàn ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, 1966. Wọ́n wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu olórí ìjọba ológun, Ọ̀gágun Johnson Aguiyi-Ironsi, ẹni tó ń rìn káàkiri orílẹ̀-èdè kí ọkàn àwọn ènìyàn lè balẹ̀. Ọkàn kò sì balẹ̀. Ìdìtẹ̀gbàjọba oṣù Kìíní ti gba ẹ̀mí Tafawa Balewa, olórí ìjọba, àti Ahmadu Bello, olórí ẹkùn Àríwá. Nínú Ìbàdàn yìí kan náà ni wọ́n ti pa Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, Ironsi ṣe òfin kẹrìnlélọ́gbọ̀n, èyí tó sọ ẹkùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ìjọba kan ṣoṣo. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Àríwá, wọ́n sì ń pa àwọn Ìgbò ní ìgboro. Nínú bárékè, àwọn ṣọ́jà ọmọ Àríwá ń ka orúkọ àwọn ọ̀gá wọn tó kú, wọ́n ń bèèrè ìdí tí wọn kò fi tíì gbé àwọn tó pa wọ́n lọ sílé ẹjọ́.

Ní ìparí ìpàdé, Ironsi kò padà sí Èkó. Ilé Gómìnà ní Agodi ló sùn sí. Lẹ́fútẹ́náǹtì-Kọ́nẹ́ẹ̀lì Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ló ni ilé, òun ló ni àlejò.

Ìrọ̀lẹ́

Láti Adó-Èkìtì dé Ìkẹjà, ọwọ́ Fájuyì ni ìjọba wà nígbà náà. Kò tíì ju oṣù mẹ́fà ààbọ̀ lọ tó ti gorí oyè, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ológun gan-an. Adó-Èkìtì ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, 1926. Ní 1943 ló wọ iṣẹ́ ṣọ́jà, nígbà tí ogun Hitler ṣì ń jà. Kò ti ẹnu ọ̀nà àwọn ọ̀gá wọlé. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti bẹ̀rẹ̀, ó di sájẹ́ǹtì. Ní 1951, ọ̀rọ̀ oúnjẹ dá rògbòdìyàn sílẹ̀ láàárín àwọn ṣọ́jà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Fájuyì wà lára àwọn tó pa iná náà kó tó ràn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi British Empire Medal dá a lọ́lá. Ọdún 1954 ló lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Eaton Hall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló sì ti gba ipò ọ̀gá.

Lẹ́yìn náà ni Kóńgò dé. Ní 1961, òun ni Mẹ́jọ̀ tó ń darí ọ̀wọ́ C ti Bàtálíọ̀n Kẹrin, lára àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán lọ. Ní àríwá Katanga, àwọn ọ̀tá ba dè wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá ba dè kì í rí ẹni tó ń yìnbọn fún un. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí, àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ẹni sì ń wo ojú ẹni. Fájuyì kó àwọn tirẹ̀ yọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fún un ní Military Cross, àmì ẹ̀yẹ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún akínkanjú lójú ogun. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbàgbé orúkọ Bàtálíọ̀n Kẹrin yẹn.

Aago mọ́kànlá alẹ́

Abẹ́òkúta ni iná ìdìtẹ̀ kejì ti ràn. Àwọn ọ̀gá wà ní mẹ́ẹ̀sì bárékè nígbà tí àwọn ṣọ́jà já wọlé pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n pa Lẹ́fútẹ́náǹtì-Kọ́nẹ́ẹ̀lì Okonweze tó ń darí bárékè náà, wọ́n pa Mẹ́jọ̀ Obienu àti Lẹ́fútẹ́náǹtì Orok. Kí oṣù Kìíní tó dé, Fájuyì gan-an ló wà ní ipò tí Okonweze wà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ká ní ìdìtẹ̀ kìíní kò gbé e dé Agodi ni, mẹ́ẹ̀sì Abẹ́òkúta ni ìbọn ì bá ti bá a.

Láti Abẹ́òkúta, ẹnìkan fóònù sí bárékè Ìbàdàn.

Ọ̀gànjọ́ òru

Mẹ́jọ̀ Theophilus Danjuma wà lára àwọn tó bá Ironsi wá sí Ìbàdàn. Nígbà tí ìròyìn Abẹ́òkúta dé etí rẹ̀, ó kó àwọn ṣọ́jà jọ, ó sì darí wọn lọ sí Agodi. Àwọn ṣọ́jà wo ni? Bàtálíọ̀n Kẹrin ni. Ìbàdàn ni bárékè wọn. Ẹgbẹ́ ogun tí Fájuyì bá jà ní Katanga, tó kó yọ nínú ibùba, ni ó wá yí ilé rẹ̀ ká lóru. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibí yìí nínú ìtàn náà, àyà mi ń já.

Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́. Lára àwọn ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kí wọ́n dáàbò bo Ironsi, àwọn kan dara pọ̀ mọ́ wọn.

Nínú ilé, ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ Ironsi àti Fájuyì pẹ̀lú. Lẹ́fútẹ́náǹtì-Kọ́nẹ́ẹ̀lì Hilary Njoku, ọ̀gá bìrìgéèdì, wà lọ́dọ̀ wọn; wọ́n jọ gbèrò, ó sì jáde láti lọ wá ìrànwọ́. Bó ṣe ń lọ ni wọ́n da ìbọn bò ó. Ó fara gba ọgbẹ́, ó sá àsálà. Láti ìgbà tí ìbọn yẹn ti dún, kò sí iyèméjì mọ́ fún ẹnikẹ́ni tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ìdájí, sí ojúmọ́

Wákàtí wọ̀nyí ló gùn jù lọ. Àwọn kan nínú àwọn ṣọ́jà fẹ́ wó ilé náà lu àwọn tó wà nínú rẹ̀. Danjuma sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé òun kọ̀, pé òun fẹ́ mú Ironsi láàyè. Láti Èkó, Lẹ́fútẹ́náǹtì-Kọ́nẹ́ẹ̀lì Yakubu Gowon, olórí òṣìṣẹ́ ogun, bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ironsi wà nínú ilé, Fájuyì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ogójì ọdún àti oṣù kan péré ni Fájuyì nígbà náà. Ironsi fi ọdún méjì jù ú lọ. Àwọn méjèèjì mọ Kóńgò. Ironsi ló darí gbogbo ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé níbẹ̀ ní 1964. Àwọn ológun tó mọ ohun tí ìbọn ń ṣe ni wọ́n, wọ́n sì rí i bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bọ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Ẹtì

Fájuyì sọ̀ kalẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ wá. Ó bèèrè ohun tí wọ́n ń wá nínú ilé rẹ̀. Danjuma ní Ironsi ni. Fájuyì ní kí ó ṣèlérí pé ohunkóhun kò ní ṣe àlejò òun, Danjuma sì ṣèlérí. Nígbà náà ni Ironsi tó fara hàn. Danjuma bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ oṣù Kìíní wá a lẹ́nu wò, ọ̀rọ̀ di ariwo, àwọn ṣọ́jà sì já àwọn méjèèjì gbà. Ohun tí Danjuma ti ń sọ títí di òní ni pé apá òun kò ká wọn mọ́.

Ibí yìí ni àríyànjiyàn wà. Ìtàn tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ ni pé wọ́n fẹ́ fi Fájuyì sílẹ̀, òun ló ní bí wọn yóò bá mú àlejò òun lọ, kí wọ́n mú òun pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn mìíràn, pàápàá láàárín àwọn ológun Àríwá ìgbà náà, kò gbà. Wọ́n ní inú ti ń bí àwọn ṣọ́jà sí Fájuyì tẹ́lẹ̀, pé wọ́n gbà pé ó mọ̀ nípa ìdìtẹ̀ oṣù Kìíní, pé bó sọ̀rọ̀ bí kò sọ ọ́, wọn yóò pa á.

Èmi kò rí ìdí tí gbólóhùn kan ṣoṣo fi gbọ́dọ̀ gbé gbogbo ọlá ọkùnrin yìí. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́ pé wọ́n ti dájọ́ ikú fún un tẹ́lẹ̀, ta ló sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú? Ta ló dúró níwájú ìbọn, tó ń bèèrè ìlérí fún ẹ̀mí ẹlòmíràn, tí kò bèèrè fún tirẹ̀? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, Yorùbá ló sọ ọ́, ẹ̀sín tó sì burú jù fún baálé ilé ni kí wọ́n wọ àlejò rẹ̀ jáde níṣojú rẹ̀ kó máa wò.

Kó tó di ọ̀sán

Wọ́n nà wọ́n, wọ́n sì gbé wọn gba ọ̀nà Ìwó lọ sí ìgbẹ́ kan ní ẹ̀bá Lálúpọn, kò ju máìlì mẹ́wàá lọ sí Ìbàdàn. Andrew Nwankwo, ẹ̀ṣọ́ àgbà Ironsi, wà pẹ̀lú wọn. Òun ráyè sá mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì padà wá sọ ìtàn náà. Wọ́n yìnbọn pa Ironsi àti Fájuyì níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, Gowon sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó gba ìjọba. Adéyínká Adébáyọ̀ di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Nípa Fájuyì, ìjọba dákẹ́. Oṣù Kìíní 1967 ni wọ́n tó kéde fún aráyé pé òun àti Ironsi ti kú. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́fà. Kò sí àlàyé tó lè mú mi gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Adó-Èkìtì ni wọ́n sin ín sí, pẹ̀lú ẹ̀yẹ ológun.

Ẹ̀yẹ tó tẹ̀lé e pọ̀. Ère rẹ̀ dúró ní pápá ìgbafẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Ẹni tó bá lọ sí yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ yóò bá ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ tí wọ́n fi sọrí rẹ̀. Wọ́n mọ ibi ìrántí sí Lálúpọn. Ní Ìbàdàn, àwọn ológun gan-an fi orúkọ rẹ̀ sọ bárékè ńlá wọn ní Òdógbó: Adékúnlé Fájuyì ló wà lẹ́nu géètì tí àwọn ṣọ́jà ìlú náà ń gbà wọlé.